Àbọ̀ lórí ọ̀rọ̀ éríà Freeview: ti pálọ̀ ti yanjú

Ẹ rántí pé mo bèèrè irú éríà (irin tó ń gba tẹlifíṣọ̀n látinú afẹ́fẹ́) tí mo lè rà torí Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ti UK, ń já ṣáá nílé wa ní Thamesmead, ní London. Ẹni tó ní kí n yọ búsítà, ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára síńgà, kúrò nídìí éríà orí òrùlé ló gbà á o! Crystal Palace, níbi tí òpó tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n jáde wà, ò jìnnà síbí rárá, síńgà tó ń tibẹ̀ wá ti lágbára tẹ́lẹ̀, búsítà wá sọ ọ́ di àpọ̀jù débi pé tẹlifíṣọ̀n ò lè kà á mọ́. Mo yọ ọ́, mo ní kó tún àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì wá látìbẹ̀rẹ̀, ó dúró digbí, mi ò ra nǹkan kan.

Ti yàrá ló kù díẹ̀. Éríà pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ ní kí n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ò gbé nǹkan kan níbẹ̀, odò Thames ni fèrèsé yẹn kọjú sí, Crystal Palace wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbé e sórí wọ́dúróòbù, ó ń gbé BBC àti ITV dáadáa, àwọn yòókù ń já tí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá. Màá gbé éríà kékeré kan sínú àjà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, irin ẹ̀ á wà ní ìbú, kì í ṣe òòró, torí bí síńgà Crystal Palace ṣe wà nìyẹn. Ẹ ṣé gan-an.