Báwo ni mo ṣe lè mú kí ìkànnì rọrùn fún àwọn àgbà lórí fóònù?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń ṣe ìkànnì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní 60 ọdún, yóò ti máa fi fóònù wo owó tí wọ́n ti dá. Lẹ́tà ibẹ̀ hàn ketekete, nítorí ìyàtọ̀ àwọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá 4.5 sí 1 tí WCAG, ìlànà àgbáyé fún mímú kí ìkànnì rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, béèrè. Ṣùgbọ́n àmì ìlà mẹ́ta (☰) tí mo kó àwọn ojú ewé yòókù sábẹ́ rẹ̀ kò yé wọn, ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n pè é (n kò sì bá wọn wí). Ṣé kí n kọ "Ẹ tẹ ibí" sí i lára, àbí kí n kúkú to ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìsàlẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò ti lè tètè dé? Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló ṣiṣẹ́ jù fún ẹni tó ti dán méjèèjì wò?