Ayò ọlọ́pọ́n nínú C: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú àdúrótì. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé kí ló dé tí ọmọ ayò ń dín nínú ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi èdè C kọ, bí a bá ti ń ta á yípo ọpọ́n. Ó ti yanjú o.

Ihò 12, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀: int iho[12], ìyẹn àkójọ nọ́ńbà 12, ọ̀kan fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n láti 0 dé 11 ni C ń kà á. i++ lásán (fífi 1 kún i, nọ́ńbà ihò tí a wà) á gbé yín dé iho[12], tí kò sí nínú ọpọ́n rárá. C kò sì ní pariwo; ó lè ju ọmọ náà sórí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Èyí tó ṣiṣẹ́ nìyí (% ń fún wa ní ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn pípín):

i = (i + 1) % 12;

Jíjẹ ló le jù, torí ẹ̀yìn là ń padà sí. Bí i bá jẹ́ 0, -1 ni (i - 1) % 12 máa fún yín. (i + 11) % 12 ni kí ẹ lò.

Nínú fọ́ńṣọ̀n void ta(int iho[], int ibere), ẹ má fọkàn tán sizeof(iho): ìwọ̀n pointer (àdírẹ́sì ibi tí ọpọ́n wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà) ló ń sọ, kì í ṣe ti ọpọ́n. Ẹ kọ #define IHO 12 sókè fáìlì, kí ẹ sì máa lo IHO fún iye ihò.

Lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan, ẹ ro ọmọ inú ọpọ́n pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn méjèèjì ti jẹ. Bí kò bá jẹ́ 48, ẹ fi gcc -g -fsanitize=address ṣe é (gcc ló ń sọ kóòdù C di ètò), kí ẹ sì mú un ṣiṣẹ́; á tọ́ka sí ìlà tó ti jáde kúrò nínú ọpọ́n.

Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.