Sẹ́ńtà géèmù mi ní Mọ́kọ́lá: mo fẹ́ kúrò lórí Windows 10 bọ́ sórí Linux, ṣé bọ́ọ̀lù á ṣeé gbá níbẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní sẹ́ńtà géèmù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá níbí, kọ̀ǹpútà London use ló wà níbẹ̀, kì í ṣe PlayStation, torí owó tó wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ò gbé PlayStation. Windows 10 ni gbogbo wọn ń lò, ẹ sì mọ̀ pé Microsoft ti jáwọ́ ńbẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, mo wá ní kí n gbé wọn lọ sí Windows 11, ó ní rárá, kò sí TPM 2.0 (ṣípù ààbò tí Windows 11 ń bèèrè), processor ti dàgbà jù. Èyí tó pọ̀ nínú wọn Intel gen 4 (ìran kẹrin) ni, ìyókù gen 6. Fláàṣì táwọn kọ́sítọ́mà sì ń kì bọ̀ wọ́n, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ jẹ wọ́n tán.

Àbúrò mi kan tó wà ní Poly ló ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sórí Linux, pé géèmù ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, pé Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká yẹn, gan-an Linux ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù làwọn kọ́sítọ́mà mi ń wá gbá, FC àti PES, àwọn kan GTA, àwọn ọmọ kéékèèké ń yọ mí lẹ́nu pé Fortnite dà. Ṣé gbogbo ìyẹn á ṣí? Ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá máa sọ̀rọ̀ dáńlóòdù, ẹ fi ojú àánú wo détà mi.

Bàbá Penguin, Bódìjà:
Àbúrò, èyí tó pọ̀ jù nínú géèmù Windows ti ń ṣí lórí Linux báyìí, ibi tó burú sí ni pé àwọn kan nínú àwọn tó o dárúkọ yẹn gan-an ni kì í ṣí.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ńnú nǹkan yìí máa mọ ibi tá a ti ń bọ̀. Wine ti wà láti 1993, òun ló ń jẹ́ kí prógíráàmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣùgbọ́n ìyà ló fi ń jẹ wá nígbà yẹn, o lè fi gbogbo òru tún fáìlì ṣe kí géèmù kan tó ṣí, tó bá sì wá ṣí, kò ní sọ̀rọ̀. Valve gbé Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù wọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wá sórí Linux ní 2013, wọ́n tún gbé Steam Machine, kọ̀ǹpútà géèmù tó ń lo Linux, jáde ní 2015, kò tà, géèmù tí wọ́n dìídì ṣe fún Linux ò pọ̀ rárá. Oṣù kẹjọ 2018 ni nǹkan yí padà, wọ́n gbé Proton jáde: Wine náà ni, wọ́n wá so DXVK mọ́ ọn, ohun tí géèmù bá fẹ́ sọ fún DirectX (èdè tí géèmù Windows fi ń bá káàdì tó ń yàwòrán sọ̀rọ̀), DXVK á gbà á, á fi Vulkan (irú èdè bẹ́ẹ̀ tí Linux gbọ́) sọ ọ́, káàdì á sì yà á. Géèmù ò ní mọ̀ pé òun ò sí lórí Windows. Ohun tí Steam Deck ń jẹ láti oṣù kejì 2022 tó ti jáde nìyẹn.

Anti-cheat, prógíráàmù tó ń mú àwọn tó ń ṣe máàgùmágù nínú géèmù, ló kù. Láti FIFA 23 ni EA, àwọn tó ni FC, ti ń fi tiwọn sínú bọ́ọ̀lù wọn, inú kernel Windows (ọkàn Windows gan-an) ló sì ń wọ̀, bí àlejò tó ní pálọ̀ ò tó òun jókòó, àfi kóun wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ ná. Lórí Linux kò rí kernel Windows kankan wò, ló bá ní òun ò ṣí. Kò sọ́gbọ́n tó o lè dá sí i, ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o mówó wá kóun bá ẹ ṣe é, olè ni. Valorant náà bẹ́ẹ̀. GTA V, story mode ẹ̀ ń lọ geere, online ni BattlEye, anti-cheat míì, tí wọ́n kó wọ inú ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2024 tì pa.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé BattlEye àti Easy Anti-Cheat ti lè bá Proton ṣiṣẹ́ láti 2021, ẹni tó ni géèmù ló kàn máa fọwọ́ sí i. Epic ló ni Easy Anti-Cheat o. Epic náà ló ni Fortnite. Wọn ò fọwọ́ sí i!

Alága Ṣáńgó:
Ṣé ẹ rí i, ohun tí mò ń sọ fún ẹ̀yin ará Linux lójoojúmọ́ nìyí. Ta ló máa kúrò nílé ẹ̀ wá sí sẹ́ńtà láti wá gbá SuperTuxKart, géèmù ọ̀fẹ́ tẹ́yin ará Linux ń gbá yẹn? Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá PS4 London use méjì, ẹ ta àwọn àgbá yẹn fún onísáíbà. Àti pé ẹ má dá ilé iṣẹ́ géèmù lẹ́bi jù, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2024 tí wọ́n ti Apex Legends pa mọ́ Linux, ohun tí wọ́n sọ ni pé ibẹ̀ làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú máàgùmágù ń sá pamọ́ sí. Irọ́ ni?

Bàbá Penguin, Bódìjà:
Kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀, ẹni tó bá ní kernel lọ́wọ́ lè tún un kọ bó ṣe wù ú, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn oníjìbìtì ti wá tán lórí Windows ni? Owó lọ̀rọ̀ yẹn jọ̀ọ́. Oṣù kẹwàá 2025 ni Linux ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá 3% nínú ìṣirò àwọn tó ń lo Steam, kò tíì sẹ́ni tó máa tìtorí ìyẹn gba òṣìṣẹ́ tuntun. Tó bá dé 10% wàá rí wọn tí wọ́n á máa sáré.

Àǹtí Akóbọ̀:
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Bọ̀ọ̀dá Mọ́kọ́lá, ẹ má bínú, FC wo lẹ̀ ń sọ ná? Torí gen 4 tí ò ní káàdì, FC tuntun ò lè rìn lórí ẹ̀ bó jẹ́ Windows ọ̀run ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀rín pa mí, Àǹtí. FC là ń pè é ṣáá, FIFA 14 ni, wọ́n ti pààrọ̀ jẹ́sì àti orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀, Osimhen wà ńbẹ̀, Lookman wà ńbẹ̀. PES 2013 náà, patch ni. Fortnite yẹn kò fìgbà kan ṣí rí, wọ́n kàn máa ń bèèrè ni.

Àǹtí Akóbọ̀:
Ẹ wá rí i! Gbogbo ìjà tí wọ́n ń jà lókè yẹn ò kàn yín. Kò sí EA AntiCheat nínú FIFA 14, kò sí nínú PES 2013. Ohun tó kàn yín ni Vulkan.

Gen 6 tẹ́ ẹ ní yẹn, Intel HD 520 tàbí 530 ló máa wà nínú ẹ̀, Vulkan ẹ̀ pé, DXVK á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹ kàn fi Linux Mint (irú Linux kan) sí i, ẹ fi Lutris tàbí Bottles (prógíráàmù tó ń bá èèyàn to Wine) sórí ẹ̀, ẹ gbé fódà géèmù yín wọlé. Gen 4 ló máa ṣe yín bákan. DXVK láti 2.0 ń bèèrè Vulkan 1.3, gen 4 ò ní in, tẹ́ ẹ bá ṣí i nínú terminal (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ) ó máa pariwo fún yín pé Haswell Vulkan support is incomplete, ìyẹn ni pé Vulkan gen 4 (Haswell lorúkọ ẹ̀) ò pé. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ẹ lọ sínú Lutris, ẹ pa DXVK, Wine á gba OpenGL lọ dípò ẹ̀. Ó máa lọ́ra díẹ̀ ju ti Windows lọ, ṣùgbọ́n DirectX 9 ni PES 2013, kì í ṣe ẹrù tó wúwo. Èmi ò ní tan yín pé géèmù tó bá ju ìyẹn lọ máa dùn lórí gen 4.

Nǹkan tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nìyí: ẹ má fi géèmù sílẹ̀ lórí drive NTFS tí Windows ti ń lò tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wá ní kí Proton máa ṣí i láti ibẹ̀, á kàn máa ṣe ségesège ni, ẹ kó o sórí ext4, ìyẹn bí Linux ṣe ń to drive tiẹ̀. Lọ́rọ̀ détà, tẹ́ ẹ bá ra nǹkan lórí Steam, ẹ dáńlóòdù ẹ̀ sórí ẹyọ kan, àwọn tó kù á dà á kọ látọ̀dọ̀ ẹ̀ lórí network sẹ́ńtà yín, láti 2023 ni Steam ti ń ṣe ìyẹn. Ẹ tún pa shader pre-caching (fáìlì àwòrán tí Steam ń dáńlóòdù sílẹ̀ kí géèmù tó ṣí) nínú settings ẹ̀, òun ló ń jẹ détà níkọ̀kọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pa á géèmù míì lè máa gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá bèèrè nǹkan míì lọ́wọ́ yín, ìkànnì ProtonDB ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, àwọn tó ti gbá a ló ń kọ èsì síbẹ̀, èyí tó bá ní borked (kò ṣiṣẹ́), ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Counter-Strike 2 àti Dota 2 ní tiwọn, Valve ṣe wọ́n fún Linux fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n gen 6 pàápàá máa mí gúlegúle lórí CS2.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Àǹtí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹyọ kan ló kù: páàdì ńkọ́? Irú ti Xbox tí wọ́n ń tà ní Ìwó Road ni mo kó síbẹ̀, àti àwọn onímejì-méjì tówó ẹ̀ rọ̀ yẹn.

Àǹtí Akóbọ̀:
Irú ti Xbox, kernel fúnra ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kò gba dráífà, ẹ kàn kì í bọ̀ ọ́. Àwọn tówó ẹ̀ rọ̀ yẹn, Linux máa rí wọn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì lè dàrú, inú settings PES fúnra ẹ̀ lẹ máa tún un tò. Ẹ má tíì fọ́ Windows kankan o, ẹ kọ Mint sórí fláàṣì, ẹ boot gen 4 kan láti ibẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá Wi-Fi àti ohùn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ná.

Alága Ṣáńgó:
Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ tí PES yẹn bá ṣí, ẹ kọ ọ́ síbí, mo ń bọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Barcelona ni n ó mú, ẹ wá ẹni tó máa gbá Madrid sílẹ̀.