Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn o, ará òkè ilé mi ń dí mọ́tò mi mọ́lé lójoojúmọ́

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi. Ṣúrúlérè ni mò ń gbé, ẹ̀yìn Òjúẹlẹ́gba lọ́hùn-ún, ilé alájà kan, fúláàtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí a kó débẹ̀, mọ́tò méjì péré ló wà nínú gbogbo kọ́ḿpáùndì, tèmi àti ti bàbá kan tó ti kó lọ sí Ìkòròdú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lábẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń páàkì sí, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ ni tèmi. Ọkùnrin kan wá kó wá sókè orí mi, jíípù ńlá ló ń wà, alẹ́ ló máa ń wọlé, ẹ̀yìn mọ́tò mi gan-an ló máa gbé e dí, á wá gòkè lọ sùn. Èmi, Lẹ́kkí ni ibi iṣẹ́ mi, tí mi ò bá kúrò nílé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, Third Mainland á ti kún, ó parí nìyẹn. Màá máa kan ilẹ̀kùn, màá máa pe fóònù, kò ní gbé e. Ìyàwó ẹ̀ ló máa yọjú lójú fèrèsé, á ní "ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni o". Bí ẹni pé èmi ni mo ní kó má tètè sùn! Obìnrin yẹn náà kì í kí èèyàn, omi aṣọ tó bá fọ̀ látòkè ló ń dà á, ó ń ta sí bàtà àwọn ọmọ mi, jẹnẹrétọ̀ wọn, ojú fèrèsé mi ló ń tú èéfín sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jí, mo rí i pé wọ́n ti ha ọ̀dà mọ́tò mi láti ilẹ̀kùn iwájú títí dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn kọ́. Ta ni nígbà yẹn? Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ yọ afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Agúda:
Ẹ yọ ọ́ jàre, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú wọn ló pọ̀ ní Èkó báyìí, wọ́n á ra mọ́tò tó tóbi ju ilé lọ, wọn ò sì ronú ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Màmá Olóyè:
Ọmọ Agúda, irú ìmọ̀ràn wo lò ń fún ìyá olọ́mọ yìí? Tó bá yọ ọ́ tán, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n jọ máa lọ, òun ló sì máa jẹ̀bi. Ìyá Ìbejì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Kí ni àgíríìmẹ́ǹtì yín sọ nípa páàkì? Mọ́tò mélòó ló wà nínú kọ́ḿpáùndì yẹn báyìí, mélòó ni àyè ibẹ̀ sì gbà? Ta ni kéatékà? Ẹ ò sọ ìkankan nínú ẹ̀.

Dẹ́rébà Ọ̀ṣòdì:
Ẹ kú ìrọ́jú màámi. Tiwa ní Mushin ò sí nínú ilé rárá, ojú títì la ń páàkì sí. Gbogbo èèyàn á gbé òkúta àti táyà àtijọ́ síwájú ilé ẹ̀ láti fi gba àyè sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan gbé táyà ẹnìkejì kúrò, ó fi mọ́tò tiẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ja ìjà tí àdúgbò ò gbàgbé. Ní báyìí àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣọ́ ọ lóru, a sì ń sanwó fún wọn. Láti 2023 tí owó epo ti fò sókè ni ọ̀rọ̀ náà ti tún le sí i, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ti dúró gbọin, olówó ẹ̀ ń wọ danfo, mọ́tò ń jẹ àyè. Ẹ wo inú kọ́ḿpáùndì yín dáadáa, ẹ máa rí òkú mọ́tò níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Dẹ́rébà, òótọ́ lẹ sọ! Méjì wà níbẹ̀ tí kò rìn mọ́, ti àbúrò kéatékà, wọ́n gbé ọ̀kan lé búlọ́ọ̀kù. Mọ́tò méje ló wà níbẹ̀ lápapọ̀. Màmá Olóyè, ọ̀rọ̀ àgíríìmẹ́ǹtì kọ́ lèyí o, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni. Ẹni tó bá bá ẹlòmíì níbì kan yẹ kó bọ̀wọ̀ fún un.

Bàbá Àgbà Ìtirẹ́:
Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa fojú rí. Ṣúrúlérè yìí, nígbà tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe, ń kó àwọn èèyàn kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, tí wọ́n ń wó ilé wọn pé ìgbooro náà ti há jù, ibí ni wọ́n ń kó wọn wá. Mélòó ló ní mọ́tò nínú wọn? Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, bọ́ọ̀sì ni. Àwọn tó kọ́lé lẹ́yìn wọn náà, àyè mọ́tò kan tàbí méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, wá dé ní 1975, òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n yọ mọ́tò tuntun. Ọ̀nà dí. Ní 1977 ìjọba ológun ní kí mọ́tò tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ ti oókan, ẹẹ́ta, aárùn-ún ní ọjọ́ tiẹ̀, kí ti eéjì, ẹẹ́rin náà ní tiẹ̀. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì tí nọ́ńbà ẹ̀ yàtọ̀! Mo rí i lójú ara mi. Mọ́tò kejì yẹn náà fẹ́ ibi tó máa sùn sí. Látìgbà náà ni a ti ń pín àyè tí kò tó. Nítorí náà má gbà pé ọkùnrin yẹn kórìíra rẹ. Ilé yẹn ni wọn ò kọ́ fún mọ́tò méje.

Ará Peckham:
Ẹ ṣé Bàbá. Ní ibi tí èmi wà ní London, council, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń ta permit, ìwé àṣẹ páàkì, fún ará àdúgbò, ẹ sì lè sanwó permit kí ẹ má rí àyè níwájú ilé yín, torí kò sí èyí tó jẹ́ tẹnì kan. Mọ́tò tó fẹ́ wọ àárín ìlú, láti 2003 ló ti ń sanwó, pọ́ùn márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Jàpáànì, láti 1962 ni òfin ti wà pé ní àwọn ìlú ńlá, kí ẹ tó forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹ ní ibi tí ẹ máa páàkì ẹ̀ sí. Ohun tó yẹ kí Èkó ṣe nìyẹn.

Ọmọ Agúda:
Ará Peckham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó bọ́ọ̀sì àti rélùwéè London wá síbí kí ẹ tó kó òfin wọn wá. Tí wọ́n bá ní ká fi ẹ̀rí páàkì hàn ní Èkó, mẹkúnnù ló máa jìyà ẹ̀.

Ará Peckham:
Rélùwéè ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ẹ má ṣe bí ẹni pé kò sí. Blue Line láti Mile 2 dé Marina, 2023. Red Line láti Agbádó dé Oyíngbò, 2024. Ìyá Ìbejì lè fi mọ́tò sílẹ̀ sílé.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n Marina ni rélùwéè dúró sí, Lẹ́kkí ni mò ń lọ. Tí mo bá já ní Marina, mo tún máa wá bọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé ọ̀kadà kúrò ní Etí-Ọ̀sà láti 2022. Mo sì máa ń gbé àwọn ìbejì já sílé ìwé ní Yábàá kí n tó gorí afárá. Ta ló máa bá mi gbé ọmọ méjì wọ danfo ní ìdájí? Àwa ìyá ò fi mọ́tò ṣe fàájì o.

Màmá Olóyè:
Mo gbọ́ yín, òótọ́ ni. Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó ń kọ́kọ́ jáde kì í páàkì sí ìdí ògiri. Ẹ fi abẹ́ máńgòrò sílẹ̀ fún oníjíípù, ẹ̀yin ẹ wá sí ẹnu géètì, kí ẹ fi imú mọ́tò kọjú sí ìta. Tó bá wọlé lóru, á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá sínú. Tilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣáná, ẹ lọ, ẹ ò jí ẹnikẹ́ni. Bá a ṣe ṣe é nílé wa ní Ògbà nìyẹn, ìjà sì parí.

Dẹ́rébà Ọ̀ṣòdì:
Ohun tí èmi náà fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Kí ẹnu géètì jẹ́ ti ẹni tó ń tètè jáde.

Ìyá Ìbejì:
Ẹnu géètì ò ṣeé ṣe. Fíríìjì àti kéréètì mínírà wà níbẹ̀, àwọn kọsítọ́mà náà máa ń dúró síbẹ̀.

Màmá Olóyè:
Kọsítọ́mà ta ni?

Ìyá Ìbejì:
Ti ṣọ́ọ̀bù. Lándílọ́ọ̀dù kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síwájú ilé lọ́dún tó kọjá, mo gba ọ̀kan, àbúrò mi ló ń bá mi jókòó níbẹ̀ tí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń san owó ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀, mo ń san ti fúláàtì lọ́tọ̀.

Bàbá Àgbà Ìtirẹ́:
Kí ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Ìbejì:
Mọ́tò mẹ́rin máa ń gba ibẹ̀.

Ọmọ Agúda:
Háà! Ìyá Ìbejì! Ẹ ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ọkùnrin yẹn lásán. Ibi tó yẹ kó páàkì sí lẹ ti ń ta mínírà.

Ìyá Ìbejì:
Èmi kọ́ ni mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù! Ẹni tó bá mọ owó ilé ìwé ọmọ méjì á mọ ìdí tí mo fi gbà á. Owó oṣù mi ò tó ohunkóhun mọ́. Tí mi ò bá gbà á, ẹlòmíì á gbà á, ọkùnrin yẹn ò sì ní rí àyè kankan síbẹ̀.

Màmá Olóyè:
Ẹ fi í sílẹ̀, òótọ́ ló sọ níbẹ̀ yẹn. Lándílọ́ọ̀dù ló ta ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbowó fúláàtì pẹ̀lú páàkì, ó tún gbowó ṣọ́ọ̀bù lórí páàkì yẹn. Òfin ìṣètò ìlú Èkó ti 2010 ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan kún ilé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ bi í bóyá ó gbà á. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé tí ilé iṣẹ́ ìjọba bá wá wó o, ṣọ́ọ̀bù tiyín wà lára ohun tí wọ́n máa wó. Ẹ má lọ fi ìbínú pe ẹnikẹ́ni. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ni kí ẹ lọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé wà lára ohun tí wọ́n ń parí. Kí lándílọ́ọ̀dù, oníjíípù àti ẹ̀yin jókòó. Kí wọ́n wọ́ òkú mọ́tò méjì yẹn jáde, àyè méjì ti dé nìyẹn. Kí fíríìjì sún sínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀yin gba ẹnu géètì.

Ìyá Ìbejì:
Òkú mọ́tò yẹn, mo fara mọ́ ọn. Fíríìjì ò lè wọnú ṣọ́ọ̀bù, àyè ò tó. Kí ọkùnrin yẹn sì kọ́kọ́ san owó ọ̀dà mọ́tò mi ná.

Dẹ́rébà Ọ̀ṣòdì:
Màámi, ẹ má bínú, lórí ọ̀dà yẹn. Jíípù kì í ha mọ́tò ní ìlà gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀, tó bá gbá a, ojú kan ló máa tẹ̀ wọnú. Nǹkan tí wọ́n wọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibo ni ẹni tó ń kó kéréètì mínírà wá ń gbà kọjá?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yìnkùlé la ń kó èyí tó kù sí, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ló ń gbà dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni, tó bá ṣe é á sọ.

Màmá Olóyè:
Ṣé ẹ ti bi í?

Ìyá Ìbejì:
Ọjọ́ Tọ́sìdeè ló máa kó ọjà wá. Màá bi í. Àgíríìmẹ́ǹtì méjèèjì wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti fúláàtì kọ "àyè páàkì kan", kò sọ ibi tó wà.