A ń kó lọ sí Shetland, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lerwick, ní Shetland, àwọn erékùṣù tó wà ní àríwá Scotland lọ́hùn-ún, London la wà báyìí. Ṣé bí Scotland tó kù náà ni ibẹ̀ ṣe rí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ bá wa dá sí i.

— Àbúrò mi, ẹ kú oríire. Ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ẹ má kàn máa pe àwọn èèyàn yìí ní ará Scotland ṣáá, ará Shetland ni wọ́n á ní àwọn jẹ́, ọ̀rọ̀ Norway ò sì jìnnà sẹ́nu wọn. Christian Kìíní tó jẹ́ ọba Denmark àti Norway ló fi ilẹ̀ yẹn dógò lọ́dún 1469 nígbà tí Margaret ọmọ ẹ̀ fẹ́ lọ fẹ́ ọba Scotland (bàbá ìyàwó ló ń sanwó lọ́dọ̀ tiwọn o), kò rówó san, bó ṣe di ti Scotland nìyẹn. Nígbà ogun Hitler náà, ọkọ̀ apẹja ló ń ti Shetland gba òru lọ sí Norway, wọ́n á kó ohun ìjà lọ, wọ́n á kó àwọn tó ń sá fún Jámánì bọ̀. Mùsíọ́ọ̀mù Scalloway ní ìtàn ẹ̀, ẹ mú àwọn ọmọ débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èèyàn, hall àdúgbò ni kẹ́ ẹ máa lọ. Wọ́n máa ń ta tíì, ọbẹ̀ àti kéèkì níbẹ̀ ní Sunday, ohun rere ni wọ́n ń fowó ẹ̀ ṣe, ẹ lọ jókòó tì wọ́n, tó bá yá ẹ bá wọn fọ abọ́. Tuesday tó kẹ́yìn January ni Up Helly Aa, ọdún oníná tí wọ́n ń ṣe: ẹgbẹ́ Jarl, ìyẹn olórí ọdún náà, á múra bíi Viking, àwọn jagunjagun Norway ayé àtijọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó kù á dá aṣọ tiwọn bí aṣọ ẹbí, wọ́n á paná títì, èèyàn bí ẹgbẹ̀rún á gbé ògùṣọ̀, wọ́n á wá jùmọ̀ dáná sun ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ oṣù kàn. Ijó á di mọ́jú nínú àwọn hall, Lerwick ò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin láyè nínú ẹgbẹ́ wọn ní Lerwick, inú mi dùn sí i gan-an.

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ àti òtútù ńkọ́?

— Atẹ́gùn ibẹ̀ ló le ju òtútù lọ, ẹ fi àǹbùrẹ́là sílẹ̀ ní London, jákẹ́ẹ̀tì tómi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ní December, ojúmọmọ ò tó wákàtí 6, ẹ má fi vitamin D ṣeré pẹ̀lú àwọ̀ tiwa yìí. Tó bá di June ilẹ̀ kì í ṣú tán, ẹ wá kọ́tìnnì tó nípọn káwọn ọmọ lè sùn. Ẹ ra èlùbọ́ àti gàrí ní Aberdeen kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ìrọ̀lẹ́ ló ń gbéra, àárọ̀ ló ń dé Lerwick, àmọ́ tíjì bá ń jà ó lè má lọ rárá, nítorí náà ẹ máa ní oúnjẹ nílẹ̀ dáadáa. Ẹja tútù pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún ní reestit mutton, ẹran àgùntàn oníyọ̀ tí wọ́n so rọ̀ títí tó fi gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kẹ́ ẹ tó fi se ẹ̀fọ́, iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù.