Ẹ̀yìn ìyá mi ń ro dé ẹsẹ̀: àmì wo ni kò ṣeé dúró wò?

ỌmọAláta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìyá mi, ẹni ọdún 58, ń ta ata ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn. Orí àpótí kúkurú ni wọ́n ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n. Ìrora náà á gba ìdí ọ̀tún, á gba ẹ̀yìn itan, á dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó ń ta bí iná. Àwọn ará ọjà ní jẹ̀dí-jẹ̀dí ni, kí wọ́n máa mu agbo. Bàbá kan tilẹ̀ ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ kí òun gun ẹ̀yìn wọn, kí egungun lè padà sáyè rẹ̀. Mi ò gbà. Kí ni ká máa ṣọ́? Ibo ni ká lọ?

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbà. Lálẹ́ òní, ẹ pe ìyá sí kọ̀rọ̀, kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan 4, ẹ má tijú. Ṣé ìtọ̀ ń há, tàbí ó ń jò láìmọ̀? Ṣé ìgbẹ́ ń bọ́ mọ́ wọn lára? Ṣé abẹ́ àti àárín itan, ibi tó máa ń kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ béèyàn bá gùn ún, ti kú, tí wọ́n á máa nu ara tí kò ní jọ ara wọn? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń rọ? Bí ẹyọ kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé wọn lọ síbi ìtọ́jú pàjáwìrì lóru yẹn.

Ìdí ni pé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn kì í gùn dé ìsàlẹ̀. Ní òkè ìbàdí ló ti ń tán, tí iṣan tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ á wá tú jáde lára rẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣan yẹn ló ń ṣàkóso ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹsẹ̀. Tí ìrọ̀rí kékeré tó wà láàárín egungun kan sí èkejì bá yọ síta tó tẹ̀ wọ́n pa, wákàtí là ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ bi wọ́n dáadáa o, torí obìnrin tó ti bímọ púpọ̀ á ní ọmọ bíbí ló jẹ́ kí ìtọ̀ máa jò.

Awakọ̀Àkúrẹ́
Bíi ti ìyá yìí gan-an ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ìrora lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo padà sídìí ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan ní gáréèjì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi pè mí: "Bàbá, bàtà yín kan ti kù sẹ́yìn o." Sílípáàsì ẹsẹ̀ òsì ti bọ́, mo sì ti rìn tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, n ò mọ̀. Iwájú ẹsẹ̀ yẹn ò gbé mọ́, ńṣe ló ń gbá ilẹ̀, pá, pá, pá. Dókítà là á yé mi pé ara ò yá nígbà tí ìrora lọ: iṣan tó ń ké ló ti ń kú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, kò padà tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí màmá fi gìgísẹ̀ nìkan rìn nínú yàrá, kí wọ́n tún fi orí ọmọ ìka rìn. Kẹ́ ẹ di ọwọ́ wọn mú o.

Ẹ̀gbọ́nÒgbómọ̀ṣọ́
Ẹ tún wò ó bóyá ibà ń ṣe wọ́n nírọ̀lẹ́, bóyá òógùn ń bò wọ́n lóru, bóyá aṣọ ti ń tóbi jù wọ́n lọ. Àbúrò mi ọkùnrin kò wúkọ́ rárá, síbẹ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n bá nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwa ń pariwo ayé. Ìgbà tí kókó kékeré yọ láàárín ẹ̀yìn la tó gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ nílé ìwòsàn ìjọba, ó sì lò ó fún oṣù 12 gbáko. Ó ń rìn lónìí, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ò nà mọ́.

ỌmọAláta
Mo ti bi wọ́n. Ìtọ̀ kò há, kò jò, abẹ́ kò kú, kò sí ibà. Àmọ́ ti gìgísẹ̀ yẹn: ẹsẹ̀ òsì gbé dáadáa. Tọ̀tún dé, àtàǹpàkò kọ̀, kò gbé. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín tẹ́lẹ̀, wọ́n bá dákẹ́.

Nọ́ọ̀sìÀgbà
Ẹ mú wọn lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì n'Íbàdàn, láàárọ̀ ọ̀la, kò jìnnà sí yín. Ẹ má lọ san owó X-ray fúnra yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Egungun ni X-ray ń fi hàn. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń fi iṣan àti ìrọ̀rí yẹn hàn, dókítà ló sì máa sọ èyí tó kàn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti agbo náà. Bí ìtọ̀ bá yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀.

Télọ̀Abẹ́òkúta
Ẹni tó bá ń ka èyí nítorí ọrùn, ẹ wo ọwọ́. Bàbá mi ò lè de bọ́tìnnì mọ́, kọ́ọ̀pù ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí. A ní ọjọ́ ogbó ni. Ọrùn ló ń tẹ mùdùnmúdùn.

FísíòÌlú
Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ẹ má sì sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dalẹ́. Rírìn díẹ̀díẹ̀ dára jù. Àmọ́ bàbá tó ti lé ní 50, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro tọ̀sán-tòru, tí ìsinmi ò mú un rọlẹ̀, kó ní kí wọ́n yẹ próstéètì òun wò, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń ràn dé egungun ẹ̀yìn. Ará Èkó lè lọ sílé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì.

ỌmọAláta
A ti wà ní UCH láti aago 6. Dókítà fi òòlù kékeré onírọ́bà lu orúnkún àti gìgísẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ti ọwọ́ òun sókè. MRI ló kọ fún wa. Màmá ní kí n kí Awakọ̀Àkúrẹ́ dáadáa, wọ́n ń béèrè bí ẹsẹ̀ yín ṣe wà.