Bàbá ìyàwó mi fẹ́ kọ lẹ́tà sí Ọba Charles

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, l'Ábújá níbí. Wọ́n fẹ́ lọ kí ọmọ wọn ní London, wọn ò rí físà gbà. Ni wọ́n bá ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà sí ọba, torí onílé ló ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò.

Mo ní, "Bàbá, ọba yẹn kì í dá sí físà. Olórí ìjọba àtàwọn mínísítà ló ń ṣe é. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ bá ṣe, ọba á kàn fọwọ́ sí i ni. Láti 1708, nígbà ayé Queen Anne, kò sí èyí tó kọ̀." Wọ́n yọ owó pọ́n-ùn márùn-ún láàárín Bíbélì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí orúnkún: "Orí ta nìyí?"

Mo wá mú Ọ̀yọ́ wọ̀ ọ́ (àṣìṣe mi nìyẹn). Mo ní Aláàfin ayé àtijọ́ pàápàá ò dá ṣe é, Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà rẹ̀, lè ní kó ṣígbá, ìyẹn ni pé kó pa ara rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ó dáa, kọ ọ́ sí Ọ̀yọ́ Mèsì wọn."

Ìyàwó mi ti ń wò mí bíi pé mi ò fẹ́ kí bàbá òun rìnrìn àjò. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi? Ẹ̀yin tí wọ́n kọ̀ fún rí tẹ́ ẹ tún padà lọ, kí lẹ tún ṣe nínú ìwé yín?